Ta Ló Wà Lẹ́yìn?

Mi ò rí i rí kí Bàbá mi àgbà yọ̀ sí góòlù, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ wọn. Bí a bá gbá a wọlé, tí gbogbo Iyere ń pariwo, tí àwọn tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ń fò sókè, Bàbá á ti máa sáré lẹ́bàá ìlà, wọ́n á máa ju ọwọ́ sí wa pé ká padà, ká padà kíá. Ojú wọn á le bí ojú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìròyìn burúkú fún. Lọ́jọ́ ìsìnkú wọn, àlùfáà dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní ẹni ìbàlẹ̀ ọkàn ni Tíṣà. Díẹ̀ ló kù kí n dìde kí n ní irọ́ ni. Àyà Bàbá kì í balẹ̀. Èmi tí mo gbé ọ̀dọ̀ wọn fún ọdún mẹ́tàlá ló mọ̀ ọ́n, torí àìbalẹ̀ àyà yẹn gan-an ni mo jogún.

Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Wọ́n ti fi eré ìdárayá kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀wọ̀, ní Afo àti ní Elegbeka kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1984. Ìfẹ̀yìntì náà kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan wà ní Iyere tí àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ fẹ́ máa gbá bọ́ọ̀lù, kò sì sí tíṣà tó fẹ́ kí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òun rí òun láàárín wọn. Bàbá ní àwọn á ṣe é. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́, ọmọ ọdún mẹ́fà sì ni mí nígbà tí wọ́n mú mi wá sọ́dọ̀ Bàbá àti Màmá, ìyàwó wọn. Nígbà tí mo wọ fọ́ọ̀mù kìíní, Bàbá wò mí látòkè délẹ̀, wọ́n ní nọ́ḿbà méjì ni mí, bàákì ọwọ́ ọ̀tún. Mo ní iwájú ni mo fẹ́.

"Gbogbo ayé ló fẹ́ iwájú," ni wọ́n wí. "Ta ló wà lẹ́yìn?"

Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti pápá nìkan. Bí a bá ń múra ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á bi wá. Bí Màmá bá ń lọ sí ìsọ̀ aṣọ wọn ní Ọ̀wọ̀, wọ́n á bi wọ́n. Lọ́jọ́ tí ìyá mi wá láti Àkúrẹ́ pẹ̀lú ìròyìn pé wọ́n ti gbé òun ga lẹ́nu iṣẹ́, Màmá bẹ́ sí ijó láàárín pálọ̀, èmi náà ń jó tẹ̀ lé wọn. Bàbá dìde. Wọ́n lọ ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n yẹ sítóòfù wò, wọ́n wo ojú wíńdò, wọ́n wá padà jókòó. Màmá ní, "Tíṣà, ayọ̀ lọmọ gbé wá o, kì í ṣe olè." Ọmọ Àkókó ni Màmá, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹni tó ń jó kì í gbọ́ ìró ilẹ̀kùn."

Bí wọ́n ṣe rí ayé nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe rí bọ́ọ̀lù náà nìyẹn. Wọn kì í bẹ̀rù ìgbà tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ àwọn ọ̀tá. Ìgbà tó bá ń kúrò lẹ́sẹ̀ wa bọ́ sí tiwọn ni ẹ̀rù máa ń bà wọ́n, ìwọ̀nba ìgbà díẹ̀ tí kò sí ẹni tó tíì mọ̀ bóyá òun ń lọ ni tàbí òun ń bọ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń na ènìyàn. Nítorí náà ibẹ̀ nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ wa, láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, títí a fi ń lá a lójú oorun.

Ìdajì pápá la máa ń lò. Bàbá á to agolo mílíìkì tí wọ́n rọ yanrìn sí láti ìlà kan dé ìkejì. Àwa mẹ́fà á máa gbá bọ́ọ̀lù lọ síwájú, àwọn mẹ́rin á máa dí wa. Bàbá á mú bọ́ọ̀lù kejì dání. Ìgbà tó bá wù wọ́n ni wọ́n á lu agogo ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á sì ju bọ́ọ̀lù tọwọ́ wọn sí àwọn mẹ́rin yẹn. Ẹni tó ní bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ì báà jẹ́ pé ilé góòlù òfìfo ló wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó sún mọ́ bọ́ọ̀lù tuntun jù á lọ dí i lọ́nà, àwa yòókù á ki eré mọ́lẹ̀ padà sẹ́yìn, Bàbá á sì máa kà sókè: "Ení! Èjì! Ẹ̀ta! Ẹ̀rin! Àrún!" Kí wọ́n tó pe àrún, kí gbogbo wa ti wà lẹ́yìn agolo. Àwọn mẹ́rin náà, bí wọ́n bá rí àyè, gbígbá mẹ́ta péré ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dé ilé, èyí àkọ́kọ́ sì gbọ́dọ̀ lọ síwájú. Bàbá ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ ṣì ń dárò, kó tó nu ojú, ká ti dé ilé rẹ̀.

Ẹni tí àrún bá bá níwájú agolo, Bàbá kì í nà án, wọn kì í ní kó sáré yí pápá ká. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á dá gbogbo wa dúró, wọ́n á pe onítọ̀hún sáàárín, wọ́n á bi í pé, "Kí lò ń rò?" Dandan ni kó dáhùn. Ìbéèrè yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbá iwájú, máa ń ro oúnjẹ. Ọjọ́ kan ni mo dúró sójú kan lẹ́yìn tí Ṣadé ju bọ́ọ̀lù tí mo fún un nù. Bàbá pè mí.

"Kí lò ń rò?"

"Mò ń bínú sí Ṣadé ni, sà."

"Bínú lọ́la," ni Bàbá wí. "Lónìí, máa sáré."

Ẹ má rò pé gbogbo ọgbọ́n wọn ló ń já sí rere. Ọgbọ́n agogo yìí dójú ti Bàbá fúnra wọn lọ́jọ́ kan. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá wa. Irú agogo ọwọ́ kan náà ni wọ́n ń lò, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì ni wọ́n ń lù ú láti parí lẹ́sìnnì, ẹ̀kọ́ ẹ̀yìn ilé ìwé. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ Elegbeka wá bá wa gbá, Ṣadé gba bọ́ọ̀lù kọjá bàákì méjì, ó ku òun àti gólì nìkan. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè báyìí. Agogo lẹ́sìnnì dún. Ṣadé fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀, ó yí padà, ó ki eré mọ́lẹ̀. Gbogbo wa, àwa mẹ́wàá, sáré padà sẹ́yìn bí ewúrẹ́ tí òjò ń lé. Gólì Elegbeka rọra jáde, ó gbé bọ́ọ̀lù, ó ń wò wá. Àwọn èrò rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, réfúrí náà kò lè fun fèrè mọ́.

Mo rò pé Bàbá á pa Ṣadé. Wọ́n kàn dúró ni, agogo tiwọn ń bẹ lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ kejì wọ́n dá a padà sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì sọ fún gbogbo wa láìfi bò pé, "Agogo ni mo kọ́ yín. Mi ò kọ́ yín ní bọ́ọ̀lù."

Láti ọjọ́ náà, ohùn ni wọ́n ń lò. Bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ lẹ́sẹ̀ wa, wọ́n á kígbe "Ghá ulé!" lédè Ọ̀wọ̀, pé ká wá sílé. Tíṣà tí ń fi Yorùbá ìwé bá wa sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà, bí ìpayà bá dé, èdè ìyá wọn ló ń já jáde. Wọ́n á kígbe náà ní ìgbà ọgọ́ta lójúmọ́, wọ́n á sì máa bá wa sáré lẹ́bàá ìlà. Ọdún kejì ni wọ́n ṣubú lulẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ru gidigidi, ọkàn wọn sì ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ní kí wọ́n má kígbe mọ́, kí wọ́n má sáré mọ́, kí wọ́n jìnnà sí iyọ̀. Bàbá fi iyọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a dé ilé, Màmá fà mí wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà.

"Dúpẹ́ ọmọ mi, mi ò lè dá ọkọ mi dúró. Ìwọ lò ń bá a lọ sí pápá. Ṣọ́ ọ fún mi. Bó bá ti ń mí lókè-lókè, bó bá di àyà mú, bó bá jókòó láìjẹ́ pé ó fẹ́ jókòó, sáré lọ bá a. Má jẹ́ kó kú sọ́wọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ."

Mo ní mo gbọ́, mà. Kí ni ǹ bá tún wí? Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣe mí. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbá bọ́ọ̀lù dáadáa mọ́. Ojú kan ń wo bọ́ọ̀lù, ojú kejì ń wo ìlà. Bí wọ́n bá wúkọ́, ẹsẹ̀ mi á wúwo. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn wọn fún ìṣẹ́jú kan, màá gbàgbé bọ́ọ̀lù, màá yíjú wò wọ́n. Mo máa ń ka èémí wọn lórí àga nílé. Bí wọ́n bá pẹ́ nínú balùwẹ̀, màá lọ kan ilẹ̀kùn.

Màmá pẹ̀lú ń ja tiwọn. Wọ́n kó bàtà kánfáàsì Bàbá pamọ́ sáàárín aṣọ ní ìsọ̀ ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ní ẹni tí kò ní bàtà á jókòó sílé. Bàbá wá bàtà títí, wọn kò rí i. Wọ́n wọ sílípáàsì Màmá, aláwọ̀ pupa tó ní òdòdó lórí, wọ́n sì gba pápá lọ. Àwa ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá tún sílípáàsì náà wọ̀ dáadáa, wọ́n ní, "Ẹ má wo ẹsẹ̀ mi. Ẹsẹ̀ mi kọ́ ló fẹ́ gbá a wọlé." Màmá dá bàtà padà lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ní ìtìjú sílípáàsì náà pọ̀ ju ti opó lọ.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ilé ẹ̀kọ́ kan láti ìlú Màmá ní Àkókó la bá gbá a ní pápá wa. Ẹni tó bá borí ló máa lọ ṣojú gbogbo agbègbè wa ní Àkúrẹ́. Góòlù kan sí òdo la fi ń nà wọ́n, ó sì ku nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ti sáré gòkè lọ bá Ṣadé lẹ́bàá ilé góòlù wọn. Wọ́n gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ "Ghá ulé!" Mo yí padà, mò ń sáré, eré mi dára lọ́jọ́ náà, màá dé ibi tó yẹ kí n dé kí wọ́n tó pe àrún. Mo wá ṣe ohun tí mo máa ń ṣe. Mo wo ìlà.

Bàbá kò sí ní ìdúró. Wọ́n wà lórí eékún, wọ́n fi ọwọ́ kan tẹ ilẹ̀, orí wọn dojú kọ koríko.

Mi ò mọ bí mo ṣe kúrò lọ́nà mi. Mo kàn mọ̀ pé mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ti di èjìká wọn mú, mò ń kígbe "Bàbá! Bàbá!" Wọ́n gbé ojú sókè. Ara wọn le koko. Jígí ojú wọn ló já bọ́, gíláàsì kan yọ, wọ́n sì ń wá a nínú koríko. Wọ́n wò mí, wọ́n wá wo ẹ̀yìn mi. Mo gbọ́ ariwo àwọn ará Àkókó kí n tó yíjú. Ọ̀nà tí mo fi sílẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ḿbà mọ́kànlá wọn gbà. Nígbà tí mo fi padà, omijé kò jẹ́ kí n ríran, wọ́n sì tún gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Méjì sí ẹyọ kan.

Lẹ́yìn fèrè ìkẹyìn, a jókòó sórí koríko, ẹnikẹ́ni kò wo ojú mi. Bàbá wá dúró níwájú wa, jígí olójú kan lójú wọn. Wọ́n pè mí sáàárín.

"Kí lò ń rò?"

Mo fẹ́ parọ́. Irọ́ kankan kò wá sí mi lẹ́nu.

"Mo rò pé ẹ ti kú ni, sà."

Mo ń retí kí Bàbá ní àwọn á kú lọ́la, tàbí irú ọ̀rọ̀ Tíṣà bẹ́ẹ̀. Wọ́n kàn kó agolo tó wà lẹ́bàá ìlà jọ fúnra wọn, wọ́n sì lọ sílé níwájú mi. Títí a fi dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀yìn wọn nìkan ni mò ń wò.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n lọ fún Míìsì Adétulà ní fèrè wọn pé kó gba iṣẹ́ náà. Ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti kọ́ wa ní eré ìdárayá ni. Dókítà ti bẹ̀ wọ́n kò gbọ́, Màmá ti sunkún wọn kò gbọ́, àlùfáà ti wá sílé lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fún un ní mínírà, wọn kò gbọ́. Mo mọ̀ pé èmi ni mo lé wọn. Mo kúnlẹ̀ nínú pálọ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí, kí wọ́n padà, n kò ní wo ìlà mọ́.

"O máa wò ó," ni wọ́n wí. "Bí mo bá wà níbẹ̀, o máa wò ó. Èmi ni mo wà lójú ọ̀nà rẹ."

Wọ́n wá pe Màmá. Bàbá ní kí Màmá gba iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ padà. Màmá kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ojú ti tú wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n fi gèlè nu imú. Wọ́n ní, "Ó dáa. Dúpẹ́, fi í sílẹ̀. Èmi tí mo fẹ́ ẹ ni n ó máa ṣọ́ ọ."

Bàbá kò dé pápá mọ́ láti ọjọ́ náà. Mo mọ ohun tó ná wọn. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àga síta, wọ́n á dojú kọ ibi tí pápá wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé àwọn ènìyàn ló dí i. Bí mo bá dé, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n máa ń bi mí: iye tí a gbá, ẹni tó pẹ́ padà, àti ohun tó ń rò. Mo gbá bọ́ọ̀lù gidi láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Mi ò sì lè sọ pé ọkàn mi balẹ̀. Mo kàn ń sáré ni, pẹ̀lú ẹ̀rù náà nínú mi.

Lọ́dún 1999, mo ti wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ní Ọ̀wọ̀, mo sì ń gbá nọ́ḿbà méjì fún wọn. Bàbá ti wà lórí ibùsùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ wọn wú, ohùn wọn ti rẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan tí a ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, mo ní n kò lọ. Wọ́n ní kí n lọ. Mo ní n kò lọ, a jọ ṣe é títí, Bàbá tí kò lè gbé orí sókè ń bá mi jà. Mo bínú jáde. Mi ò kí wọn pé ó dàbọ̀. Ìyẹn ṣì ń dùn mí títí di òní, mi ò ní purọ́, mo sì bínú sí wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Mo gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe gbá a rí. Bí a bá pàdánù rẹ̀, mo ti wà nílé. Bí a bá gbà á, mo ti kọjá ìdajì pápá. Fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, mi ò wo ìlà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò rántí ẹ̀jẹ̀ ríru, mi ò rántí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo dé kọ́nà ilé wa, mo rí àwọn aládùúgbò tó ń gbé àga jáde. Mo wọlé pẹ̀lú jẹ́sì lọ́rùn, ẹrẹ̀ dé eékún mi. Aṣọ funfun ti bo Bàbá. Màmá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ọwọ́ wọn wà lórí aṣọ náà. Mo ṣubú lulẹ̀, mo ń wí pé, "Mi ò sí níbí. Màmá, mi ò sí níbí." Màmá na ọwọ́ kejì, wọ́n fà mí mọ́ra, ẹrẹ̀ àti gbogbo rẹ̀.

"Bàbá bèèrè rẹ," ni Màmá wí. "Ó ní kí n rán ènìyàn lọ pè ẹ́ wá. Mo ti dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó wá ní, 'Padà, jókòó. Jẹ́ kó gbá a tán.'"